Ta Ni Ó Ni Odò? Ìtàn Ẹ̀tọ́ Omi Àwọn Ọmọ Onílẹ̀ Amẹ́ríkà àti Ọjọ́ Ọ̀la Àwọn Dáàmù



Àwọn baba wa ní omi kò ní ọ̀tá. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gbé etí omi lè ní ọ̀tá. Láti ìgbà tí ọmọ aráyé ti kọ́ bí a ti ń fi agbára omi ṣe iná mọ̀nàmọ́ná, odò tí ó ti jẹ́ ti apẹja àti ti apọnmi di ohun tí ìjọba àti ilé iṣẹ́ ńláńlá ń wá kiri. Ibi tí wọ́n bá ti rí odò tí ó lágbára, wọn a sé e, wọn a pe ìsédò náà ní dáàmù, iná a sì tàn ní ìlú tí ó jìnnà réré. Kì í pẹ́ kí ìbéèrè kan tó dìde: ta ni ó ni odò náà kí wọ́n tó sé e, kí sì ni a san fún un?

Ìbéèrè yìí kàn wá, nítorí láti inú odò tí a sé ni apá kan nínú iná tí ń tàn ní ilé wa ti ń wá. Ṣùgbọ́n kí a tó sọ ti ilé, ó yẹ kí a gbọ́ ti àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn fún ohun tí ó ju 100 ọdún lọ, tí wọ́n sì ti rí ibi tí ẹjọ́ náà yọrí sí. Àwọn ni àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn tí òyìnbó sọ ní Íńdíà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ohun tí ìtàn wọn fi hàn ni pé dáàmù tí a kọ́ láìka onílé sí jẹ́ gbèsè, àti pé gbèsè náà kì í parẹ́ níwọ̀n ìgbà tí onílé kò bá sọ ìwé rẹ̀ nù, tí kò sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

OHUN TÍ WỌ́N FI SÍLẸ̀ ÀTI OHUN TÍ WỌ́N DÌ MÚ

Ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ni odò ńlá kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Columbia. Láti orí òkè ilẹ̀ Kánádà ni ó ti ń ṣàn wá. Ó gba ìpínlẹ̀ Washington kọjá, ó di ààlà láàrin Washington àti Oregon, kí ó tó wọ inú òkun Pàsífíìkì. Nínú odò yìí, àti nínú àwọn odò mìíràn tí ń ṣàn sí òkun náà, ni ẹja kan wà tí a ń pè ní sámọ́nì. Ìṣe ẹja yìí yàtọ̀ sí ti ẹja tiwa. Inú odò ni a ti ń bí i. Bí ó bá dàgbà díẹ̀, yóò bá omi lọ sí òkun. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan yóò padà, yóò máa wẹ̀ gòkè ní ìlòdì sí omi títí yóò fi dé odò tí a gbé bí i. Níbẹ̀ ni yóò yé sí, tí yóò sì kú. Ohun tí iṣu jẹ́ fún wa ni ẹja yìí jẹ́ fún àwọn ẹ̀yà etí odò wọ̀nyí: òun ni oúnjẹ, òun ni ọjà, òun ni wọ́n fi ń ṣe ọdún.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1855, Isaac Stevens, ẹni tí ó jẹ́ gómìnà ilẹ̀ Washington nígbà náà, pe àwọn olórí ẹ̀yà jọ sí àfonífojì Walla Walla. Ilẹ̀ ni ó ń fẹ́, kí àwọn òyìnbó tí ń ṣí wá lè rí ibi tẹ̀dó sí. Nígbà tí ìpàdé náà parí ní oṣù Kẹfà, àwọn ẹ̀yà Yakama, Umatilla àti Nez Perce ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Nínú oṣù kan náà ni àwọn ará Warm Springs fọwọ́ sí tiwọn. Ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ tó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù éékà. Ilẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n pa mọ́ fún ara wọn.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wọnnì gbọ́n. Bí wọ́n ti ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ ni wọ́n di ẹ̀tọ́ kan mú, wọ́n sì jẹ́ kí a kọ ọ́ sínú ìwé: pé àwọn àti àwọn ọmọ wọn yóò máa pẹja ní gbogbo ibi tí ó ti jẹ́ àṣà wọn láti máa pẹja, bí ilẹ̀ ibẹ̀ tilẹ̀ ti bọ́ sí ọwọ́ àlejò. Gbólóhùn kúkúrú ni. Òyìnbó tí ó kọ ọ́ lè má kà á sí nǹkan ńlá, ṣùgbọ́n òun ni ó di apata fún àwọn ọmọ wọn títí di òní.

ẸJỌ́ MÉJÌ TÍ Ó LÀ Ọ̀NÀ

Àwọn òyìnbó kan tí à ń pè ní àwọn ará Winans ra ilẹ̀ ní etí odò Columbia, wọ́n gbé ẹ̀rọ tí ń yí bírí láti kó ẹja sínú odò, wọ́n sì ṣe ọgbà dí ọ̀nà mọ́ àwọn Yakama. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní 1905. Ohun tí àwọn adájọ́ sọ ni pé ìjọba kọ́ ni ó ta àwọn ẹ̀yà yìí lọ́rẹ nígbà tí wọ́n ṣe àdéhùn. Àwọn ẹ̀yà náà ni ó fún ìjọba ní ohun kan, ohun tí wọn kò sì fúnni ṣì jẹ́ tiwọn. Ẹ kíyè sí ìdájọ́ yìí dáadáa. Ẹni tí ó yọ̀ǹda yàrá kan fún àlejò kò yọ̀ǹda gbogbo ilé.

Ẹjọ́ kejì wá láti ìpínlẹ̀ Montana. Àwọn ẹ̀yà Gros Ventre àti Assiniboine ń gbé lórí ilẹ̀ Fort Belknap, ilẹ̀ tí àdéhùn ọdún 1888 pa mọ́ fún wọn, odò Milk sì ni wọ́n fi ń bomi rin oko. Àwọn òyìnbó àgbẹ̀ tẹ̀dó sí òkè odò, wọ́n sì ń darí omi sí oko tiwọn. Nígbà tí ọ̀dá dá ní 1905, omi kò dé ìsàlẹ̀ mọ́. Ìjọba àpapọ̀ pe ẹjọ́ nítorí àwọn ẹ̀yà náà, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sì dá a ní oṣù Kìíní ọdún 1908. Ẹjọ́ Winters ni a ń pè é.

Kí a lè mọ bí ìdájọ́ náà ti wúwo tó, ó yẹ kí a mọ òfin omi ní ìhà ibẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ bu omi lò ni ó ní ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́. Nígbà ọ̀dá, òun ni yóò mu tẹ́rùn kí ẹni ẹ̀yìn tó fi ẹnu kàn án. Bí ó bá sì pẹ́ tí kò lò ó, ẹ̀tọ́ rẹ̀ lè bọ́. Àwọn adájọ́ sọ pé nígbà tí a pa ilẹ̀ mọ́ fún ẹ̀yà kan, a ti pa omi tí yóò mú kí ilẹ̀ náà gbé ènìyàn mọ́ pẹ̀lú rẹ̀, bí ìwé àdéhùn kò tilẹ̀ dárúkọ omi rárá. Láti ọjọ́ tí a ti pa ilẹ̀ náà mọ́ ni a ó ti ka ẹ̀tọ́ wọn, àìlò rẹ̀ kì í sì í mú un bọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ̀yà tí kò tíì gbẹ́ ìṣàn omi kan ṣoṣo sí oko rẹ̀ lè ṣíwájú ilú ńlá tí ó ti ń mu odò náà fún àádọ́ta ọdún.

NÍGBÀ TÍ DÁÀMÙ DÉ

Bí òfin ti dára tó lórí ìwé yìí, orí ìwé náà ni ó dúró sí fún ìgbà pípẹ́. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wó ilé, onílé ni kò ní gbà fún un. Ní àkókò tí à ń wí yìí, onílé kò ní agbára láti kọ̀.

Ní odò Elwha, ní ìpínlẹ̀ Washington, a bẹ̀rẹ̀ dáàmù kan ní 1910, ó sì parí ní 1913. Èkejì tẹ̀lé e ní 1927. Wọn kò ṣe ọ̀nà kankan fún ẹja láti gbà gòkè nínú méjèèjì. Àwọn ẹ̀yà Lower Elwha Klallam, tí àwọn náà ti ṣe àdéhùn ìpẹja ní 1855, jí wọ́n rí i pé ẹja wọn ń forí sọ ògiri.

Lórí odò Columbia fúnra rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ dáàmù Grand Coulee ní 1933. Gíga rẹ̀ tó 550 ẹsẹ̀ bàtà, òun sì ni ilé iṣẹ́ iná olómi tí ó lágbára jù lọ ní Amẹ́ríkà títí di òní. Iná rẹ̀ ṣiṣẹ́ ńlá nígbà ogun àgbáyé kejì, nítorí òun ni wọ́n fi yọ́ alumíníọ̀mù tí a fi kan ọkọ̀ òfuurufú. Èyí kò ṣeé sẹ́. Ṣùgbọ́n omi tí ó dá dúró lẹ́yìn rẹ̀ bo Kettle Falls, ibi tí odò ti ń já láti orí àpáta, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ti ń péjọ pẹja láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ó bo oko, ó bo ilé, a kó ìlú Inchelium kúrò ní ipò rẹ̀, a sì hú òkú àwọn baba ńlá kúrò ní ibojì. Ọ̀pọ̀ ibojì ni omi dé bá kí a tó kàn án. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1940, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ onílẹ̀ láti oríṣiríṣi ẹ̀yà péjọ sí Kettle Falls fún ọjọ́ mẹ́ta láti dágbére fún un. Ayẹyẹ Omijé ni a sọ ìpéjọ náà. Láti ìgbà náà, sámọ́nì kankan kò gba odò Columbia kọjá Grand Coulee mọ́.

Lẹ́yìn ọdún 17, ó kan Celilo. Ẹni tí ó bá ti dé ibi tí omi Olúmìrìn ti ń já ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà lè fi ojú inú wo Celilo, ṣùgbọ́n kí ó ro ti odò ńlá tí gbogbo ara rẹ̀ ń fò láàrin àpáta. Níbẹ̀ ni àwọn ọkùnrin ti ń dúró lórí pákó tí a nà sórí omi, tí wọ́n ń fi àwọ̀n onígi gígùn gbé ẹja bí ó ti ń fò. Ó ju 10,000 ọdún lọ tí ènìyàn ti ń pẹja ní agbègbè náà, ọjà ńlá sì ni fún àwọn ẹ̀yà tí ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 1957, a ti ilẹ̀kùn dáàmù The Dalles. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Celilo ti wà lábẹ́ omi. Ìjọba san nǹkan bí mílíọ̀nù 27 dọ́là fún ẹ̀yà mẹ́rin tí ó ni ẹ̀tọ́ níbẹ̀. Owó náà tán. Omi náà ṣì wà lórí Celilo.

ÌWÉ ÀTIJỌ́ TÚN SỌ̀RỌ̀

Bí irọ́ bá lọ ní ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ọdún 1969, adájọ́ Robert Belloni ní Oregon dájọ́ pé ìpín tí ó tọ́ nínú ẹja Columbia jẹ́ ti àwọn ẹ̀yà tí ó ṣe àdéhùn. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1974, adájọ́ George Boldt ní Washington sọ iye rẹ̀ fún àwọn ẹ̀yà ìhà tirẹ̀: ìdajì ẹja tí ó ṣeé pa. Ariwo ta, àwọn apẹja òyìnbó fárí gá, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fi òǹtẹ̀ lu ìdájọ́ náà ní 1979. Ní 1977, ẹ̀yà mẹ́rin tí ó ti sunkún Celilo dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti máa bójú tó ẹja odò náà ní ìṣọ̀kan, wọ́n sì gba àwọn onímọ̀ ẹja àti àwọn amòfin sí i.

Èyí tí ó yani lẹ́nu jù lọ ni ti àwọn ẹ̀yà Klamath ní Oregon. Ní 1954 ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin pé òun kò mọ̀ wọ́n ní ẹ̀yà mọ́, ilẹ̀ wọn sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Síbẹ̀, ní 1983, ilé ẹjọ́ kan sọ pé ẹ̀tọ́ omi tí wọ́n ní fún ọdẹ àti ẹja kò bá ilẹ̀ lọ. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ó ti wà, àdéhùn ọdún 1864 kàn jẹ́rìí sí i ni. Ní 1986 ìjọba tún gbà wọ́n padà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà. A sọ pé wọn kò sí, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ wọn kò gbà.

Nígbà tí ẹ̀tọ́ ti fìdí múlẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ kan àwọn dáàmù. Ohun kan wà tí ó yẹ kí a mọ̀ níhìn-ín. Ní Amẹ́ríkà, dáàmù tí ilé iṣẹ́ aládàáni bá kọ́ ní ìwé àṣẹ, ìwé àṣẹ náà sì ní ọjọ́ ìparí, láti ọgbọ̀n ọdún sí àádọ́ta. Bí ọjọ́ bá pé, ilé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ tún tọrọ, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ẹ̀sùn sì lè dìde. Ṣùgbọ́n dáàmù tí ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ kọ́ kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni ó lè pàṣẹ kí a wó o. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ yìí yóò mọ ìdí tí ọ̀nà mẹ́ta fi là.

Ọ̀NÀ MẸ́TA TÍ A GBÀ SAN GBÈSÈ

Ọ̀nà kìíní ni pé kí dáàmù wà, kí onílé sì máa jẹ nínú èrè rẹ̀. Àwọn ẹ̀yà Colville gbé ẹ̀sùn Grand Coulee kalẹ̀ ní 1951. Ọmọ tí a bí ní ọdún náà ti di ẹni ọdún 43 kí ẹ̀sùn náà tó yanjú. Ní 1994, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fọwọ́ sí i pé kí a san mílíọ̀nù 53 dọ́là fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà, àti owó ọdọọdún tí kò ní dín sí mílíọ̀nù 15 dọ́là níwọ̀n ìgbà tí dáàmù náà bá ń ṣe iná. Àwọn ẹ̀yà Spokane, tí omi kan náà bo ilẹ̀ wọn, tún dúró fún ọdún 25 kí òfin tiwọn tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2019.

Ọ̀nà kejì ni pé kí onílé di olówó dáàmù. Ní Montana, a kọ́ dáàmù Kerr sórí odò Flathead láàrin 1930 àti 1938, lórí ilẹ̀ tí àdéhùn Hellgate ọdún 1855 pa mọ́ fún àwọn ẹ̀yà Salish àti Kootenai. Ilé iṣẹ́ ni ó ni ín, owó ilẹ̀ ni a ń san fún àwọn ẹ̀yà. Nígbà tí ìwé àṣẹ àkọ́kọ́ parí, àwọn ẹ̀yà náà kò sùn. Wọ́n dìde, wọ́n ní àwọn náà ń fẹ́ ìwé àṣẹ. Ní 1985 a parí rẹ̀ sí pé kí àwọn àti ilé iṣẹ́ náà jọ ni ìwé àṣẹ tuntun, àti pé lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún àwọn ẹ̀yà lè ra dáàmù náà. Ọgbọ̀n ọdún kò kéré, ṣùgbọ́n wọ́n lò ó: wọ́n rán àwọn ọmọ wọn lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n sì tọ́jú owó. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015 wọ́n san nǹkan bí mílíọ̀nù 18 dọ́là, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́, wọ́n sì yí orúkọ dáàmù náà padà sí ti àwọn ẹ̀yà wọn. Kò sí ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ mìíràn tí ó ti ní irú dáàmù ńlá bẹ́ẹ̀ ṣáájú wọn ní Amẹ́ríkà.

Ọ̀nà kẹta ni pé kí a wó dáàmù. Ní 1992 ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin lórí odò Elwha. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011 iṣẹ́ wíwó bẹ̀rẹ̀, ó sì parí ní 2014. Bí omi adágún ti ń fà, ibi mímọ́ kan tí àwọn Klallam gbà pé níbẹ̀ ni a ti ṣẹ̀dá ẹ̀yà wọn tún yọ sí gbangba, lẹ́yìn nǹkan bí 100 ọdún lábẹ́ omi. Àwọn àgbà ti ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ pé ó wà níbẹ̀. Ní 2023, wọ́n tún pẹja nínú odò náà.

Ti odò Klamath, láàrin Oregon àti California, ni ó tóbi jù. Dáàmù iná mẹ́rin ni a kọ́ sórí rẹ̀ láti 1918 títí di àwọn ọdún 1960. Ní 2001 ọ̀dá dá, ìjọba sì ti omi mọ́ àwọn àgbẹ̀ òkè odò nítorí ẹja. Àwọn àgbẹ̀ pariwo, oko wọn gbẹ. Ní 2002 a ṣí omi fún wọn, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ẹja ńláńlá tí ó ju 30,000 lọ sì kú sínú odò lójú àwọn Yurok, nítorí omi kéré, ó gbóná, àrùn sì wọ inú rẹ̀. Ìyà jẹ àgbẹ̀, ìyà jẹ apẹja.

Àwọn Yurok, àwọn Karuk, àti àwọn alájọgbé wọn kò dákẹ́. Wọ́n mọ̀ pé ìwé àṣẹ àwọn dáàmù náà yóò parí ní 2006. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ilé iṣẹ́ kan ní Scotland ni ó ni ilé iṣẹ́ tí ó ni dáàmù, wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú ní 2004, wọ́n lọ bá àwọn olówó náà níbi ìpàdé wọn. Lẹ́yìn náà, ìjọba béèrè pé bí ilé iṣẹ́ náà bá fẹ́ ìwé àṣẹ tuntun, kí ó ṣe ọ̀nà fún ẹja. A ṣírò rẹ̀, a rí i pé ó lè wọ́n ju kí a wó dáàmù lọ, iná tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣe kò sì tó nǹkan lára iná ilé iṣẹ́ náà. Àdéhùn wáyé ní 2010, a tún un ṣe ní 2016, àjọ ìjọba fọwọ́ sí i ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022. Nǹkan bí mílíọ̀nù 450 dọ́là ni a yà sọ́tọ̀: mílíọ̀nù 200 láti ọwọ́ àwọn oníbàárà iná, 250 láti ọwọ́ ìjọba California. A wó àkọ́kọ́ ní 2023, a wó mẹ́ta yòókù ní 2024. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, kí ènìyàn tó sinmi tán, sámọ́nì ti gba ibẹ̀ kọjá wọ Oregon, ibi tí ọ̀kan kò ti dé fún ohun tí ó ju 100 ọdún lọ.

OHUN TÍ KÒ TÍÌ PARÍ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìjà ti tán. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dá ẹjọ́ àwọn Navajo, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin, pé àdéhùn wọn ọdún 1868 kò fi dandan lé ìjọba láti wá omi fún wọn. Ẹ̀tọ́ wà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ín ni yóò lé e.

Lórí odò Snake, tí ń ṣàn wọ Columbia, dáàmù ìjọba mẹ́rin wà tí a parí láàrin 1962 àti 1975. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ìjọba tí ó wà lórí oyè nígbà náà bá ẹ̀yà mẹ́rin ṣe àdéhùn lórí ẹja odò náà àti ìwádìí ohun tí a lè fi rọ́pò àwọn dáàmù wọ̀nyí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ìjọba tí ó gorí oyè lẹ́yìn rẹ̀ fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ẹ fi wé ìwé ọdún 1855. Ìlérí olóṣèlú dà bí ìrì òwúrọ̀. Àdéhùn tí òfin ti fi òǹtẹ̀ lù ni ó ń rí ọ̀sán.

Ó tún yẹ kí a sọ ti apá kejì, nítorí agbẹjọ́rò ẹnu kan kì í dá ẹjọ́ tí ó tọ́. Iná tí omi ń ṣe kò ní èéfín. Ọkọ̀ ojú omi tí ń kó àlìkámà ń gba orí adágún dáàmù odò Snake kọjá. Ní àkókò tí gbogbo ayé ń wá iná tí kò ba afẹ́fẹ́ jẹ́, ẹni tí ó ní kí a wó gbogbo dáàmù kò ro ọ̀rọ̀ dé ìdí. Àwọn ẹ̀yà náà kò sì sọ bẹ́ẹ̀: àwọn Salish àti Kootenai ń ta iná tiwọn. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí a má ṣe pinnu ọ̀rọ̀ odò lẹ́yìn wọn. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àjọ tí ń fún ni ní ìwé àṣẹ kọ ìbéèrè méje fún dáàmù lórí ilẹ̀ Navajo, nítorí àwọn Navajo kò fẹ́ ẹ.

Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌLÚ WA

Nísinsìnyí kí a padà sílé. Láàrin 1964 àti 1968 ni a kọ́ dáàmù Kainji sórí odò Ọya. Gbogbo wa ni a jẹ nínú iná rẹ̀, láti Èkó dé Kánò. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 44,000 ènìyàn ni ó fi ilé wọn sílẹ̀ nítorí rẹ̀, ìlú Bussa àtijọ́ sì wà lábẹ́ omi títí di òní. Òfin tí ó dá àjọ sílẹ̀ fún ìdàgbàsókè àwọn agbègbè tí ń ṣe iná olómi kò jáde títí di 2010, ọdún 42 lẹ́yìn tí dáàmù náà parí. Ọdún 43 ni ti Colville. Ìtàn méjèèjì jọra ju bí a ti rò lọ.

Odò ìlú tiwa lè kéré, ṣùgbọ́n òkúta, iyanrìn, igbó àti ilẹ̀ náà ni à ń tọrọ lọ́wọ́ ìlú lójoojúmọ́. Nítorí náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá dé pẹ̀lú ìwé, kí a rántí àwọn àgbà Walla Walla: kí a kọ ohun tí a fúnni sílẹ̀, kí a sì kọ ohun tí a kò fúnni pẹ̀lú. Kí a fi ọjọ́ ìparí sí i. Kí a béèrè ìpín ọdọọdún, kí a má ṣe gba owó ìdákẹ́jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo bí ti Celilo. Kí ẹnì kan má ṣe dá fọwọ́ sí i lórúkọ gbogbo wa. Kí ẹ̀dà ìwé náà má ṣe wà nínú àpótí ẹnì kan tí ikú lè mú lọ. Kí ó wà ní ààfin, kí ó wà ní ọwọ́ ẹgbẹ́, kí ó wà ní ọwọ́ amòfin. Kí a sì máa sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ, bí àwọn Klallam ti sọ ti ibi mímọ́ wọn fún ọmọ tí kò rí i rí.

Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Àwọn tí ó fọwọ́ sí ìwé ní 1855 kò mọ ohun tí ń jẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná. Síbẹ̀, gbólóhùn kan tí wọ́n di mú ni àwọn ọmọ wọn ń gbé lọ sí ilé ẹjọ́ títí di òní. Ìwé wo ni àwa yóò fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ìlú yìí?